Omi Tí Màmá Ìbógùn Bù Fún Ẹja

Bí mo bá di ojú mi, tí mo rántí ilé wa ní Mówè lọ́dún yẹn, ariwo omi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Kì í ṣe omi òjò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú rẹ̀ ni, bulọ-bulọ-bulọ, tọ̀sán-tòru, nínú àpótí gíláàsì kan tí Dádì gbé ka orí tábìlì ní pálọ̀. Ariwo mìíràn wà níbẹ̀ o: ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, máṣíìnì ìránṣọ Mọ́mì, ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà tó máa ń ké bí òjò bá ti dá, àti àwọn tírélà tó ń kù lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ti omi yẹn ló borí gbogbo wọn létí wa, torí òun ló ń sọ fún wa pé àwọn ẹja ṣì wà láàyè. Bó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé á dìde. Títí dòní, bí mo bá wà níbi tí omi tó ń hó ti dákẹ́ lójijì, ìkòkò ni o, kòtò ni o, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilé náà kò tíì parí nígbà tí a kó wọ ọ́. A ò tíì rẹ́ ẹ, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wà ní gbangba, páànù la fi ìṣó kàn mọ́ fèrèsé yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àwọn tó yí wa ká rí. Èkó ni gbogbo wọn ti wá, Èkó náà sì ni wọ́n ń padà lọ láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án, àdúgbò á dá wáí bí ilé ìwé tó gba ìsinmi. Iṣẹ́ tèmi ni omi pípọn. Láti ẹ̀rọ ilé kejì ni mo ti ń gbé e, nínú kẹ́ẹ̀gì, títí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé á fi kún. Bùkọ́lá, àbúrò mi obìnrin, ló ń gbálẹ̀ tó sì ń fọ àwo. Oúnjẹ wa kò le: gàrí rírẹ lọ́sàn-án, ẹ̀bà àti ilá lálẹ́, ẹ̀wà bí Mọ́mì bá rí owó iṣẹ́ gbà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, iṣẹ́ ló tètè pè mí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi fà á gún.

Ọdún tí ẹja dé náà ni ìyá tó bí Dádì dé ilé wa. Màmá Ìbógùn là ń pè é, torí abúlé kan lọ́nà Ìbógùn ló ti lo gbogbo ayé rẹ̀. Òjò ló wó ògiri yàrá rẹ̀. Dádì ní òun ò lè máa sùn ní Mówè kí ìyá òun máa sùn lábẹ́ ògiri tó ti lanu, ló bá lọ gbé e. Ẹrù rẹ̀ kò ju báàgì aṣọ kan àti ẹní kan lọ, àti àmù omi rẹ̀, tí Dádì gbé lé itan nínú ọkọ̀ látọ̀dọ̀ wọn títí dé ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ibi tí Màmá ní kí a gbé àmù náà sí ni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó bu iyanrìn sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìdérí bò ó, ó wá da kọ́ọ̀pù onírin kan délẹ̀ lórí ìdérí. Bí omi dúrọ́ọ̀mù bá lọ sílẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n omi àmù kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀. "Àkànní," á ní, torí oríkì mi ló ń pè mí, "ilé tí kò ní omi ẹnu ọ̀nà, kò ní ẹnu."

Ẹni yòówù tó bá wọlé, kó tó sọ ohun tó bá wá, Màmá á ti bu omi. Á kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú àlejò, kí onítọ̀hún lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, á wá na kọ́ọ̀pù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí. Ní Mówè, gbogbo ènìyàn ló kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó wá gba owó ọdẹ àdúgbò wo ibi tí ẹnu Màmá kàn lára kọ́ọ̀pù, ó ní, "Ẹ ṣeun Mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu píọ̀ wọ́tà tán ni." Oníbàárà Mọ́mì kan tiẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ àga láì fẹnu kàn án. Ohun tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá ló ń rí àwọn ènìyàn lára lọ́dọ̀ tiwa. Mo rí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ fún un. Ó kàn máa ń da omi náà sídìí ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni, á sì jókòó.

Kí n tó dé orí ẹja, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ Dádì. Ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja òkun tí àwọn olówó ń kó sínú gíláàsì wò, Dádì ló ń bá wọn tọ́jú omi. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà kó lọ sókè òkun, ó ti ilẹ̀kùn, iṣẹ́ parí. Láti ìgbà yẹn ni máṣíìnì Mọ́mì nìkan ti ń bọ́ wa. Ìgbà tó yá, wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lójú ọ̀nà ní Ìbàfò, wọ́n sì mọ àpótí gíláàsì tó gùn bí ọkọ̀ síbi tí àlejò ń jókòó sí. Mánéjà ibẹ̀ sọ fún Dádì pé kó wá ẹja òkun, kó tọ́jú wọn nílé títí gíláàsì tàwọn á fi ṣetán. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ òun láàyè, òun á gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ oṣooṣù. Bí wọ́n bá kú, kò síṣẹ́, kí oníkálukú gbé ilé rẹ̀. Ohun tó wà nínú gíláàsì pálọ̀ wa nìyẹn. Kì í ṣe ẹja, iṣẹ́ Dádì ni. Èmi àti Bùkọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì mọ̀ bẹ́ẹ̀ débi pé kì í kọjá níwájú gíláàsì náà láì sọ pé "Ẹ̀jẹ̀ Jésù."

Inú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu ni àwọn ẹja náà wà lọ́jọ́ tí Dádì gbé wọn dé. Ọ̀kan pẹlẹbẹ bí àwo, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Méjì kéékèèké dà bí ọsàn tí wọ́n fi ẹfun fa ìlà yí ká. Ọ̀kan dúdú, ó ní funfun lọ́rùn, a sì sọ ọ́ ní Pásítọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ tó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ wa. Màmá wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀rá, ó wò wọ́n títí.

"Àlàbí, irú ẹja wo rè é?"

"Ẹja òkun ni, Màámi."

"Ìgbà wo la ó sè wẹn?"

"A ò ní í sè wọ́n. Wíwò ni wọ́n ń wò wọ́n."

"Wíwò?" Màmá yí ojú sí Mọ́mì. "Ìyàwó mi, ṣé ojú ń yó ni? Ẹja ń bẹ ní pálọ̀, kò sí ẹja nínú ọbẹ̀."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Dádì náà rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí torí pé ẹ̀rín yẹn wà. Bí mo bá ń sọ ìtàn náà fún ara mi, ìparí rẹ̀ máa ń fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì, mo sì máa ń ní láti fipá rántí pé a rẹ́rìn-ín.

Dádì kò tú wọn sínú gíláàsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rá náà lé orí omi kí gbígbóná àti tútù méjèèjì lè bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló tú wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi tí wọ́n bá wá, ó wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa omi láti inú gíláàsì, ó ta kókó sí rọ́bà náà kó lè máa kán tó, tó, tó, bíi dírípù ọsibítù. Bó ṣe ń kán ni ó ń kọ́ wa, torí inú rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti pa. Ó ní àwọn tó ń ta ẹja máa ń jẹ́ kí iyọ̀ inú omi wọn fúyẹ́ kí àrùn má baà mú wọn, ṣùgbọ́n omi hòtẹ́ẹ̀lì máa níyọ̀ bíi ti òkun gan-an. Iṣẹ́ òun ni láti gbé wọn láti ibi fúfúyẹ́ lọ síbi tó wúwo, láì jẹ́ kí ara wọn mọ̀. Ó fi ike kan hàn wá tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀. Èèyàn á bu omi sínú rẹ̀, apá kékeré kan á gbéra: bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni apá náà á ṣe ga tó.

"Ẹ gbọ́ o," Dádì wí. "Bí ẹja bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú iyọ̀ púpọ̀ sí díẹ̀, ó lè fara dà á, bó tiẹ̀ yá díẹ̀. Gígòkè ni wàhálà. Bí ẹ bá da iyọ̀ lù ú lójijì, iyọ̀ á fa omi ara rẹ̀ jáde. Ẹ ti rí ìgbín tí wọ́n bu iyọ̀ lé?"

A ní a ti rí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni gígòkè. Ẹni tó bá kánjú gòkè, òkú ló máa bá lókè."

Láràárọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kó tó fọ ẹnu, á bu omi díẹ̀ kúrò, á fi omi tó níyọ̀ jù ú lọ díẹ̀ dípò, á wo apá inú ike, á mi orí. Apá náà ń gòkè bí ọmọ tó ń dàgbà: ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń gòkè. Àwọn ẹja ń jẹun. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nílé ìwẹ̀. Mọ́mì ti ń sọ̀rọ̀ nípa rírẹ́ ilé.

Ta ni ẹja náà di ọ̀rẹ́ rẹ̀? Màmá ni. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá jókòó síta kò lè bó èèpo iṣu kan tán kí ènìyàn má tíì kí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní Mówè, ó máa jókòó síta láti àárọ̀, gbogbo géètì á wà ní títì. Bí ọmọ kan bá kọjá, Màmá á kí i, "Ṣé dáadáa lo jí, ọmọ mi?" ọmọ náà á máa lọ, ó ti fi ẹ̀rọ orin dí etí. Oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Mọ́mì ní kí ló dé, ó ní ọbẹ̀ dùn, ẹnu òun ni kò mọ ilé. Nígbà tó yá, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, ó kọjú sí gíláàsì. Mo máa ń gbọ́ ọ bó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Àwẹn ará òkun, ẹ kú àtijọ́. Èmi náà, wọ́n gbé mi wá ni." Èmi àti Bùkọ́lá á fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún wọn ní ohun tó yẹ kí ẹnì kan nínú wa jókòó gbọ́, àwa wá ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí ooru mú. Dádì ti lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàfò láti lọ gbọ́ ìgbà tí wọ́n máa gbé ẹja, Mọ́mì lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Iná lọ, epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ wa. Ariwo omi dákẹ́. Dádì ti kọ́ wa bí a ṣe lè máa da omi gíláàsì sókè-sílẹ̀ bírú èyí bá ṣẹlẹ̀, ká fi kọ́ọ̀pù bù ú, ká tún dà á padà, ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́nu ẹ̀rọ ilé kejì, mo ń to kẹ́ẹ̀gì, Bùkọ́lá sì ti sùn lọ lórí ẹní. Màmá nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rí i pé gbogbo àwọn ẹja náà ti wá sókè, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Ìyá arúgbó wo àwọn àlejò tó ń la ẹnu. Ó ti ìka bọ omi náà, ó lá a. Iyọ̀.

Bùkọ́lá ló sọ ìyókù fún wa, torí ohùn Màmá ló jí i. Ó ní Màmá ń pariwo pé, "Háà! Láti ọjọ́ tí wẹn ti dé, iyọ̀ la fi ń ṣe wẹn lálejò!" Ó ní Màmá lọ sídìí àmù, ó bu kọ́ọ̀pù kan, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú àwọn ẹja, ó dà á sí i. Ó bu òmíràn, ó tún mu díẹ̀ kó tó dà á. Bùkọ́lá ní, "Màmá, Dádì ní ká má fọwọ́ kàn án o!" Màmá ní, "Bàbá rẹ ò sí nílé. Òùngbẹ kì í dúró de baálé." Ó ń bù ú títí omi fi dé etí gíláàsì, tí àmù fi gbẹ.

Mo wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Mo fẹ́ kí ohun tí mo rí yé yín dáadáa, torí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdí mìíràn. Àwọn ẹja náà wà láàyè. Wọ́n ti kúrò lókè omi. Bí Màmá ṣe ń da omi náà ló bá wọn gbé afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n ń rìn. Pásítọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dà bíi pé ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Màmá nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní, "O rí i? Òùngbẹ lásán ni." N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé Mówè.

Iná ti dé padà, omi ti ń hó, oòrùn sì ti ń wọ̀ nígbà tí Dádì dé. Láti géètì ló ti ń pe Mọ́mì, tó ti dé ṣáájú rẹ̀: "Ọ̀la ni o! Mánéjà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá gbé wọn!" Ó wọ pálọ̀, ó rí omi tó dé etí gíláàsì. Kò sí ẹni tó ní láti sọ nǹkan kan, àmù tó ṣófo wà níbẹ̀, Màmá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Dádì bu omi sínú ike. Apá kékeré náà gbéra díẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń gbé gòkè láràárọ̀ ti wó padà, ó tiẹ̀ ti kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Màámi," ó ní. "Màámi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo fún wẹn lómi ni, Àlàbí. Òùngbẹ ń gbẹ wẹn."

"Inú omi ni wọ́n wà!"

"Omi iyọ̀," Màmá wí. "Ta ní ń fún àlejò ní omi iyọ̀?"

Dádì fa bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kó iyọ̀ òkun sí jáde lábẹ́ tábìlì. Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dádì Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹja ò tíì kú. Ẹ pe mánéjà, kẹ́ ẹ ní kó sún ọjọ́ síwájú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló máa sún ọjọ́ síwájú? Èmi tí mò ń tọrọ iṣẹ́ ni màá máa dá ọjọ́ fún ọ̀gá? Àwọn méjì mìíràn ń dúró de iṣẹ́ yìí níta géètì wọn lónìí, mo fojú rí wọn."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní gígòkè..."

"Fi mí sílẹ̀!"

Ó po iyọ̀ náà sínú omi, ó pò ó ki. Ó bu omi gíláàsì kúrò títí ó fi dé ìdajì, ó wá da ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Kò ta kókó sí rọ́bà. Kò lo rọ́bà rárá. Ó dà á, gbẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó kọ́ wa ní dírípù. Ó wọn omi, apá náà ga, ó dúró síbi tó yẹ kó dúró sí fún mánéjà. Dádì mí kanlẹ̀. Àwọn ẹja náà lọ sápá kan, wọ́n fi ara ti ara.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti kú. Èyí tó pọ́n ti ṣá, ara rẹ̀ hunjọ. Pásítọ̀ wà nísàlẹ̀, ó dojú dé.

Mánéjà dé ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun, pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì tó gbé kúlà. Ó wo gíláàsì, ó wo Dádì. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹja alààyè ni mo sọ o."

Mo ń wo ẹnu Dádì. "Ìyá mi ni, sà. Wọ́n ti dàgbà. Wọ́n da omi àmù sí i."

Mánéjà yíjú sí Màmá, tó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sè wọ́n tán láì dáná." Àwọn tó gbé kúlà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Màmá kò wo mánéjà. Dádì ló ń wò.

"Àlàbí," ó ní, "mo tọ́ ọ wò o. Mo mu níbẹ̀ kí n tó fún wẹn."

Dádì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Bó ṣe di orúkọ Màmá nìyẹn. Ẹni tí kò kí i rí ní àdúgbò wá mọ̀ ọ́n. "Ìyá tó fi omi pa ẹja." Wọ́n á ní, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí, kí omi pa ẹja? Àwọn ọmọ ń fi kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Bùkọ́lá náà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín tí èmi náà fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Mọ́mì kò bú u, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Àmù kò kún mọ́. Mo gbé omi dé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Màmá ní, "Fi sílẹ̀, Àkànní. Da àmù yẹn dojú dé." Mo dà á dojú dé. Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí Fúnmi, àbúrò Dádì obìnrin tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìfọ̀, wá gbé Màmá lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ Mówè kò bá a lára mu. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Mo ti di ọkùnrin báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbàfò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí àrùn bá mú ẹja níbẹ̀, a máa ń fi wọ́n sínú omi iyọ̀ díẹ̀, kò sì sí ìgbà tí mo máa mú iyọ̀ náà lọ́wọ́ tí n kò ní í dúró. Ọ̀gá mi á ní, "Káyọ̀dé, ṣé o ń gbàdúrà sí i ni?" Màá ní rárá sà. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ohùn Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ àkọ́kọ́: sísọ̀ kalẹ̀ ṣeé fara dà, gígòkè ni wàhálà. Òun ló sọ ọ́. Kò sí ìwé kankan tí mo ní láti kà kí n tó mọ ohun tó pa àwọn ẹja náà, kò sì sí ẹni tó ní láti sọ fún òun náà. Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà rí. Bóyá omi àmù ti kọ́kọ́ dá ara wọn lágara. Bóyá. Ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń rìn. Dádì ń ṣọ́ géètì fún onílé kan báyìí, ó ti di àgbà, eékún ń dùn ún. Gíláàsì náà wà ní pálọ̀ síbẹ̀, aṣọ gígé Mọ́mì ló kún inú rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe tẹ́lẹ̀, Dádì á ní, "Ẹja ni. Omi ìyá mi ló pa wọ́n." Ó ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti gbà á gbọ́. N kò bá a jiyàn rí. Bí mo bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tó máa kù fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èmi àti Dádì lọ kí Màmá ní Ìfọ̀ kó tó kú. Ọyẹ́ ti dé. A sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, a fẹsẹ̀ rìn nínú eruku títí dé ilé Àǹtí Fúnmi, ó jìn, oòrùn sì mú. Màmá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti di tínínrín. A dọ̀bálẹ̀. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó ki oríkì mi, ohùn rẹ̀ kò dé òpin rẹ̀. Kò sí àmù lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, kọ́ọ̀pù onírin yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì kún inú rẹ̀.

Ó mu díẹ̀. Ó na kọ́ọ̀pù náà díẹ̀, ó tún fà á sẹ́yìn sí àyà rẹ̀.

"Àlàbí," ó ní, "ṣé kí n fún ẹ? Kò ní í pa yín, àbí?"

Kì í ṣe èébú. Kò fi ta á rárá. Ìbéèrè ni, bí ọmọdé ṣe ń béèrè ohun tí kò yé e. Ó fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa omi sọ fún òun. Mo wo Dádì. Mo rò pé ó máa sọ ọ́ wàyí, pé kì í ṣe omi Màmá ló pa wọ́n. Kò sí mánéjà níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ mọ́, kò sí ẹnì kankan àfi èmi àti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, Màámi."

Ó mi orí díẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi?"

Mo wo kọ́ọ̀pù náà. Mo wo ojú Dádì.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, Mà."

Màmá dúró díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀kan nínú wa á yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló rọra tẹ̀ síwájú, ó da omi náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ta sí wa lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ náà fà á mu lójú wa, kò kù ju ibi dúdú kékeré kan lọ. Mo tẹjú mọ́ ibẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ètè mi ti bó, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Láti ojú títì Ìfọ̀ ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí.